Ẹ̀kọ́ Kẹ̀kẹ́ Gígùn Ọ̀fẹ́ fún Àgbàlagbà ní London: Ohun Tí Mo Rí Gbà Níbẹ̀ àti Ohun Tó Kù

Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orí Raleigh bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ ní Ìlá Ọ̀ràngún, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì gùn tó láti kan pẹ́dà láti orí ìjókòó, tí mo ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún gba abẹ́ irin kọjá bí gbogbo ọmọdé ìgbà náà ti í ṣe. Nítorí ìyẹn, nígbà tí ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn sọ fún mi pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ London ń kọ́ àgbàlagbà ní kẹ̀kẹ́ gígùn lọ́fẹ̀ẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Oṣù mẹ́ta péré lórí títì ìlú yìí ló yí èrò mi padà. Mo ń rọ̀ mọ́ etí ọ̀nà bí ẹni tó ń tọrọ àyè, bọ́ọ̀sì ń sún mọ́ mi débi pé mo lè fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án, ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣí lójijì sì gbé mi ṣánlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń lọ síbi iṣẹ́. Ọgbẹ́ orúnkún mi tètè jinná, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò lọ. Ìgbà yẹn ni mo forúkọ sílẹ̀.

Mo ti gba ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, wákàtí méjì méjì, mo sì ti fi ohun tí mo kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà ooru títí wọ ìgbà òtútù, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé mo lè sọ bí ó ti rí fún àwọn ènìyàn wa. Kí n kọ́kọ́ sọ ìdájọ́ mi: ẹ̀kọ́ yìí dára, ẹni tó rò pé òun ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn tẹ́lẹ̀ ló sì yẹ kó tètè lọ gbà á ju ẹni tí kò gùn ún rí lọ. Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jáde nílé.

Bikeability ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ ètò yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti rọ́pò ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Cycling Proficiency. Ìpele mẹ́ta ló ní: èkíní wà fún ibi tí ọkọ̀ kò sí, èkejì wà fún ọ̀nà àdúgbò tí ọkọ̀ kò ti pọ̀, ẹ̀kẹta sì wà fún títì ńlá tó ní oríta gbòòrò, rándábáòtù àti iná adarí ọkọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà. Ní London, ẹni tó bá ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kàwé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ló sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ sí i níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tèmi, nítorí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn níwájú.

Olùkọ́ tí wọ́n yàn fún mi, obìnrin tí yóò ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò jẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́ náà rárá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Táyà ló kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di bíréèkì iwájú mú, ó ti kẹ̀kẹ́ síwájú kí ó lè mọ̀ bóyá ó dúró gbọn-in, ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí bíréèkì ẹ̀yìn, ó sì yí pẹ́dà padà sẹ́yìn láti wo ṣéènì. Bíréèkì ẹ̀yìn mi kò dá nǹkankan dúró. Ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tí mo ti ń fi bíréèkì kan ṣoṣo sọ̀kalẹ̀ òkè láìmọ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ó yẹ kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Afẹ́fẹ́, bíréèkì, ṣéènì: kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láràárọ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé ohun tí mo rí kọ́ lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá ti tó mi.

Inú ọgbà ìṣeré kan la ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n máa gùn lọ tààrà, kí n bojú wẹ̀yìn láti èjìká ọ̀tún, kí n sọ iye ìka tí òun nà sókè. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí ọrùn sọ́tùn-ún ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé ojú mi, tí kẹ̀kẹ́ sì ń yà bàrá. Ó ní kí n gbìyànjú èjìká òsì. Kẹ̀kẹ́ kò mì. Èmi fúnra mi ni mo rí ìdí rẹ̀ nígbà tí mo délé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sì bí mi, nítorí náà èjìká òsì ni ara mi mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì là ń rìn, apá ọ̀tún wa ni ọkọ̀ sì ń gbà kọjá. Ẹni tó bá kọ́ kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Àjàṣẹ́, tó wá ń gùn ún ní London, ó ní láti kọ́ ọrùn rẹ̀ ní èdè mìíràn, kò sì sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò rántí sọ èyí fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe é nínú ọgbà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí kẹ̀kẹ́ tó gbà láti dúró ṣinṣin.

Ẹ̀kọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ gígùn lójú títì kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn wà lójú ọ̀nà ni. Níbi tí mo ti dàgbà, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló ń yà fún ọkọ̀. Ọkọ̀ á fọn fèrè láti òkèèrè, ìwọ á bọ́ sínú koríko, á kọjá, ìwọ á tún padà sórí ọ̀dà. Ìwà yẹn ni mo gbé wá sí London, mo sì kà á sí ọ̀wọ̀. Olùkọ́ mi ní kí n ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn awakọ̀ bí mo bá rọ̀ mọ́ etí ọ̀nà: yóò rò pé àyè wà fún òun láti kọjá láìkúrò nínú ìlà òun, yóò há mi mọ́ ẹ̀gbẹ́, bí ìdérí gọ́tà tàbí kòtò bá sì yọ níwájú mi, n kò ní ibi tí mo lè yẹ̀ sí. Bí mo bá jókòó sí àárín ìlà ọ̀nà níbi tí ọ̀nà ti há, awakọ̀ yóò ti mọ̀ láti òkèèrè pé àfi kí òun dúró, tàbí kí òun bọ́ sí ìlà kejì pátápátá. Ibi tí ó ti ń retí ọkọ̀ bíi tirẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ó yẹ kó ti rí mi.

Mo bi í bóyá òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn mí nínú Highway Code, ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Britain, tí wọ́n tún ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022. Ìwé náà ní kí oníkẹ̀kẹ́ gba àárín ìlà ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ kò ti pọ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn, àti bí ó bá ń sún mọ́ oríta tàbí ibi tí ọ̀nà ti há. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń sáré púpọ̀, kí ó fi ó kéré tán ìdajì mítà sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti etí ọ̀nà. Bí ó bá ń kọjá lára àwọn ọkọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ó fi mítà kan tàbí ìbú ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ tó fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ bí eré rẹ̀ kò bá ju 30 máìlì ní wákàtí kan lọ, kí ó sì fi ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ó bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀. Kódà ìwé náà ní kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, kí ara rẹ̀ lè yí, kí ojú rẹ̀ sì lè rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo rántí orúnkún mi. Ká ní ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn lù mí mọ ìlànà yìí, tí èmi náà sì mọ̀ pé mítà kan ni ẹ̀tọ́ mi, ọ̀nà wa ì bá má pàdé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà ni òfin tí wọ́n lè torí rẹ̀ mú ènìyàn. Ìmọ̀ràn ni àwọn kan, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ lè wo ìmọ̀ràn náà bí wọ́n bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Èyí tó jẹ́ òfin wà tí kò ṣe é fi ṣeré: iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àti pé kí ènìyàn má ṣe gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó ti wà nínú òfin láti ọdún 1835. Òfin kò fi dandan lé akoto ní tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé náà gbà wá nímọ̀ràn láti dé e, èmi a sì máa dé tèmi. Mo fẹ́ràn pé ìwé tuntun náà fi ẹlẹ́sẹ̀ ṣíwájú gbogbo wa, nítorí ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ni ìyá arúgbó tó ń sọdá ń béèrè lọ́wọ́ èmi náà.

Ohun kejì tí olùkọ́ náà fi kọ́ mi ni ojú. Kí n tó yà sọ́tùn-ún, kí n bojú wẹ̀yìn títí ojú èmi àti awakọ̀ yóò fi ṣe mẹ́rin, kí n tó na ọwọ́, kí n tó bọ́ sí àárín. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé ó kan àárín ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó wà lẹ́yìn dígí ọkọ̀. Awakọ̀ tí ẹ bá ti wojú rẹ̀ kì í sábà fipá gba ọ̀nà mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí ó ti rí i pé ènìyàn lẹ jẹ́. Bí mo bá nawọ́ láìwojú, ńṣe ni mo ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tí n kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Àwọn mélòó kan nínú wọn ń dá mi lóhùn báyìí. Wọ́n á mi orí, wọ́n á gbé ìka kan sókè lórí ọwọ́ ọkọ̀, èmi náà á sì gbé ọwọ́ dúpẹ́.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọdún mọ́kàndínlógún, kí n lè gbọ́ tẹnu ẹni tó wà ní apá kejì. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí ló gba kẹ̀kẹ́ láàyè, nítorí náà àwa àti wọn la jọ ń pín in. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú kì í bí yín bí ẹ bá rí wa láàárín ọ̀nà?” Wọ́n ní, “Àbúrò, ẹni tó wà láàárín kò dẹ́rù bà mí, mo ti rí i, màá dúró dè é. Ẹni tó ń yọjú jáde láàárín ọkọ̀ tó dúró, tó tún ń sá wọlé, tó tún ń yọ, òun ló ń jẹ́ kí àyà mi já. Mo ní èrò lórí ìdúró. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, ìyá arúgbó kan ló máa ṣubú nínú bọ́ọ̀sì.” N kò ro ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ yẹn rí. Láti ọjọ́ náà, bí ìlà ọkọ̀ tó dúró bá ní àlàfo díẹ̀díẹ̀, n kì í wọ inú àlàfo náà mọ́. Ojú kan ni mo ń gbà lọ títí ìlà yóò fi tán. Ó tọ́ kí ètò ẹ̀kọ́ yìí pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ ìdajì wákàtí péré.

Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá, olùkọ́ náà kò fi ẹnu kan sọ ọ́; ó tún un sọ títí ó fi wọ̀ mí lára. Ẹ má ṣe gba apá òsì rẹ̀ kọjá ní oríta láé, bí ó ti wù kí àyè náà fẹ̀ tó, nítorí bí ó bá yà sósì, àárín rẹ̀ yóò gé ọ̀nà kúrú, ẹ̀yin yóò sì wà láàárín irin àti etí ọ̀nà níbi tí awakọ̀ kò ti lè rí yín. Transport for London, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ní ìlú náà, kì í gba ọkọ̀ akẹ́rù tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 12 lọ láàyè láìní ìwé àṣẹ tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n bí awakọ̀ ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ ríta tó. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìràwọ̀ mẹ́ta ló kéré jù, àfi bí ọkọ̀ náà bá ní àwọn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ tí wọ́n là sílẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni mo ń dúró sí.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró kí wọ́n tó fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé e ní ìdájí nítorí òjò, wọ́n sì sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń dúró kò yẹ nínú òjò, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ní láti mọ bí bíréèkì ṣe ń pẹ́ kó tó mú nínú omi, àti bí kùn ojú ọ̀nà àti ìdérí irin ṣe ń yọ̀. Bákan náà ni òkùnkùn. Ní oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn ń yọ ní London, kò sì í tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó fi ń wọ̀. Àwa tí a ń wọṣẹ́ ní aago méje ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, a kì í rí oòrùn ní ìlọ, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i ní àbọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni gbogbo àkókò tí wọ́n ní kí n yàn nínú rẹ̀. Ta ni wọ́n ṣe é fún nígbà náà? Wọn kò sì kọ́ mi bí a ṣe ń lẹ táyà tó jò. Orí fídíò ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń yáni kò tó nǹkan tí mo lè bínú sí. Ó ga jù fún mi díẹ̀, a sọ ìjókòó rẹ̀ kalẹ̀, ó tán. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Transport for London ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ náà wà, mo ṣe é, ó dára fún ìmúrasílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ènìyàn pé ọrùn rẹ̀ ń fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ní ti bóyá mo ti sunwọ̀n sí i, ohun tí mo lè fojú rí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà mi síbi iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́fà, láti gúúsù ìlú wá sí Elephant and Castle, kí n tó gba Blackfriars Road àti afárá Blackfriars, níbi tí wọ́n ti fi òkúta ya ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀, wọ apá àríwá odò Thames. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ló ń gbà mí tẹ́lẹ̀. Ó ti di nǹkan bí méjìlélógójì, bẹ́ẹ̀ n kò tẹ pẹ́dà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dídúró ló dínkù. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ ní oríta mẹ́rin, màá ti kẹ̀kẹ́ sọdá pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Mo ti ń gùn ún kọjá nínú mẹ́ta báyìí. Mo ń dín jíà kù kí n tó dé ibi iná, kí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi kúrò níwájú ọkọ̀ kíá bí iná bá di àwọ̀ ewé. Oríta kẹrin ṣì ń bà mí lẹ́rù, mo ṣì ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, olùkọ́ mi sì ní kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ mi pé kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ́ kẹta ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, pẹ̀lú iná lórí kẹ̀kẹ́ mi. Wọn kò tíì fèsì. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gbà á, ẹ wo ojú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ìparí ìgbà òtútù kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn kedere pé ojú títì lẹ fẹ́ kọ́, kì í ṣe inú ọgbà nìkan, kí wọ́n má baà fi wákàtí yín kọ́ yín ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́, tiyín ni kí ẹ gbé lọ, nítorí àléébù rẹ̀ ni wọn yóò bá yín wá. Ẹ má ṣe wọ ẹ̀wù òtútù tó ní fìlà ńlá lẹ́yìn tàbí tó fún yín lọ́rùn. Ẹ ó bojú wẹ̀yìn ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ kí wákàtí méjì náà tó pé.